Ta Ni Òpìtàn? Ìwé àti Fíìmù Half of a Yellow Sun Nínú Kíláàsì Àwọn Olùkọ́ Ọ̀la

Àṣamọ̀

Bébà yìí yẹ ìwé ìtàn àròsọ Half of a Yellow Sun tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ (2006) wò, pẹ̀lú fíìmù tí Biyi Bandele ṣe láti inú rẹ̀ (2013), gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tí a lè fi kọ́ni nípa Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà. Èrò wa ni pé fíìmù náà fi ìṣẹ̀lẹ̀ ogun hàn kedere, ṣùgbọ́n ohun méjì tí ó sọ ìwé náà di ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Èkíní ni ọ̀nà tí ìwé gbà to àkókò. Èkejì ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó di òpìtàn. A dá a lábàá pé kí olùkọ́ lo méjèèjì pọ̀, kí ó sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ lónìí ni a bí lẹ́yìn ọdún 2000. Ogun Abẹ́lé ti parí ní ọgbọ̀n ọdún ó lé kí a tó bí wọn. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wọn pàápàá kò bá ogun náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó fún wọn ní àrọ́bá, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò kọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, kí ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà nínú àlàfo yẹn ni wọ́n ń bọ̀ wá di olùkọ́ lábẹ́ wa báyìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ pàdé ogun náà ni orí fóònù wọn, nínú fíìmù. A kò lè bá wọn jà lórí èyí. Ohun tí a lè ṣe ni kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí ìwé ńlá kan bá di fíìmù, kí ni ó kù lọ́wọ́ ẹni tí ó wo fíìmù náà tí kò ka ìwé? Ohun tí a fẹ́ dáhùn nìyí.

Ogun náà ní ṣókí

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966, àwọn ọ̀gágun kan dìtẹ̀ gbàjọba. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje ọdún kan náà, ìdìtẹ̀ kejì dé. Ìbàdàn ni wọ́n ti mú olórí ìjọba, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn tí ó gbà á ní àlejò. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ìlà-Oòrùn, àwọn Ìgbò ní pàtàkì, ní àwọn ìlú Òkè Ọya, tí àwọn tí ó ṣẹ́kù sì ń sá padà sílé nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìpàdé Aburi ní Gánà, ní oṣù Kìíní ọdún 1967, kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, Ojukwu kéde orílẹ̀-èdè Biafra. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ìbọn dún. Ogun náà kò parí títí di ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1970. Àwọn òpìtàn ṣírò iye ẹni tí ó kú sí mílíọ̀nù kan sí mẹ́ta. Ebi ni ó pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọdé sì ni ebi náà pa jù.

Àwa Yorùbá a máa sọ̀rọ̀ ogun yìí nígbà mìíràn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ó ṣáájú ọmọ ogun Biafra wọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn títí dé Òrè ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Ìjọba Biafra kan náà ni ó pa á ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Benjamin Adékúnlé ni ó darí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní etí òkun, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1969. Wọlé Ṣóyinká wà ní àhámọ́ láti ọdún 1967 sí 1969 nítorí pé ó fẹ́ kí a dá ogun náà dúró. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn dìde sí owó orí ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo wa ni ọ̀ràn náà kàn.

Láti ojú ìwé dé ojú sinimá

Ọdún 1977 ni a bí Adichie, ọdún méje lẹ́yìn ogun. Kò bá ogun, àrọ́bá ni ó bá. Àwọn bàbá rẹ̀ àgbà méjèèjì ni wọ́n kú nínú ogun náà. Ìwé rẹ̀ gba ẹ̀bùn Orange ní ìlú òyìnbó ní ọdún 2007.

Biyi Bandele tí ó darí fíìmù jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kafanchan ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, nígbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀, òǹkọ̀wé ni òun náà kí ó tó di olùdarí fíìmù, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Ìpínlẹ̀ Cross River ni ó ti ya fíìmù náà. Chiwetel Ejiofor ṣe Odenigbo, Thandie Newton ṣe Olanna, Anika Noni Rose ṣe Kainene. John Boyega, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ni ó ṣe Ugwu, ọmọ Ìgbò. Genevieve Nnaji, ọmọ Ìgbò, ni ó sì ṣe Miss Adebayo, olùkọ́ Yorùbá tí ó máa ń bá Odenigbo jiyàn ní alaalẹ́. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn kan rò pé fíìmù ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ṣe é.

Ó yẹ kí a yin fíìmù náà níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Ó fi àwòrán ìròyìn àtijọ́ sáàárín eré, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi rí i pé ìtàn yìí ní ọjọ́, ó ní ibi, ó sì ní àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé ilẹ̀ ayé rí. Nígbà tí bọ́m̀bù balẹ̀ sáàárín ìgbéyàwó Olanna àti Odenigbo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fò sókè lórí àga. Ojú ìwé kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Bí ìwé ṣe to àkókò

Apá mẹ́rin ni ìwé náà ní. Èkíní wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, èkejì wà ní ìparí wọn, ẹ̀kẹta padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹrin sì padà sí ìparí. Ní apá kejì a rí i pé Olanna àti Kainene, ìbejì, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. A kò mọ ìdí rẹ̀. A rí ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Baby nínú ilé, a kò sì mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ogun ti ń bọ̀ kí a tó padà sẹ́yìn ní apá kẹta, níbi tí a ti rí i pé Odenigbo bá Amala, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ mú wá láti abúlé, lò pọ̀, tí ó sì bímọ. Àti pé Olanna náà bá Richard, òyìnbó tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà Kainene, lò pọ̀.

Àbájáde ni ìwé fi hàn wá kí ó tó fi ohun tí ó fà á hàn. Iṣẹ́ òpìtàn gan-an nìyẹn. Òpìtàn máa ń bá ilé tí ó ti wó, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó wó o. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwé náà mú òǹkàwé wo ẹ̀yìn, tipátipá. Ó sì kọ́ ọ ní ohun kan sí i: àwọn tí wọ́n dà ara wọn nínú ilé ṣáájú ogun ni wọ́n wá ń wá ara wọn kiri nígbà tí ogun dé. Ìdí nìyẹn tí ìbànújẹ́ ìwé náà fi wúwo. Kainene àti Olanna ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, tí Kainene fi kọjá sí ẹ̀yìn ojú ogun lọ ṣòwò, tí kò sì padà. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Ìwé parí, a ṣì ń retí rẹ̀.

Fíìmù to gbogbo rẹ̀ tààrà. Ọdún òmìnira, 1960, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Èkó, láàárín àwọn ọlọ́rọ̀. Ó sì ń rìn lọ ní títẹ̀ lé ọdún títí ogun fi parí. Ó yé wa ìdí tí olùdarí fi ṣe bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí kò pé wákàtí méjì kò lè máa lọ máa bọ̀ kí ó má dàrú mọ́ òǹwòran lójú. Ṣùgbọ́n òǹwòran kò ní ohun kan tí yóò wádìí mọ́. Ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ó sì dà bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọn ìbá gbà ṣẹlẹ̀.

Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó di òpìtàn

Ìwé kò bẹ̀rẹ̀ láàárín ọlọ́rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ugwu, ọmọ abúlé Opi, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tàbí ti bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ń pè ní àǹtí, ń mú lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ Odenigbo, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì Nsukka. Lọ́jọ́ tí ó débẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń bi í nípa ilé-ẹ̀kọ́. Odenigbo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ yunifásítì. Ó sì kìlọ̀ fún un pé ìdáhùn méjì ni ó wà sí àwọn ìbéèrè nípa ilẹ̀ wa: èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, àti èyí tí a ń kọ kí a lè yege ìdánwò. Àpẹẹrẹ tí ó fún un ni Mungo Park, tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé òun ni ó ṣàwárí odò Ọya, nígbà tí àwọn ènìyàn wa ti ń pẹja nínú odò náà tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, èwo nínú wa ni kò tíì dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú ìdáhùn méjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?

Láàárín ìwé náà ni àwọn ojú-ewé díẹ̀díẹ̀ máa ń yọjú láti inú ìwé mìíràn tí ẹnì kan nínú ìtàn ń kọ nípa ogun náà, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ayé dákẹ́ nígbà tí a ń kú. Òǹkàwé á rò pé Richard ni ó ń kọ ọ́, nítorí pé òun ni òyìnbó, òun ni ó ń pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé. Ní ìparí ni a tó mọ̀ pé Ugwu ni. Richard fúnra rẹ̀ sọ pé ìtàn ogun náà kì í ṣe tòun láti sọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń pọn omi, tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń gbọ́ àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, òun ni òpìtàn. Ó kọ́ àwọn ọmọdé ní Umuahia nígbà tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n fipá mú un wọ iṣẹ́ ológun. Ní ibùdó àwọn ọmọ ogun ni ó ti rí ìwé ìgbésí ayé Frederick Douglass, ẹrú Amẹ́ríkà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀. Ó hùwà búburú kan sí ọmọbìnrin kan nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogun, ìwé kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Òpìtàn yìí mọ̀ pé ọwọ́ òun náà kò mọ́. Nígbà tí ó parí ìwé rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ tí ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi ìwé náà júbà.

Fíìmù kò sọ ìwé tí Ugwu ń kọ di òpó ìtàn. John Boyega ṣe Ugwu dáadáa, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àti ìjà Olanna, Odenigbo àti Kainene ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Díẹ̀ ni a rí nínú ìgbé ayé rẹ̀ lójú ogun. Fún ẹni tí ó bá wo fíìmù nìkan, Ugwu jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ olóòótọ́. Fún ẹni tí ó ka ìwé, Ugwu ni ìdáhùn sí ìbéèrè pé ta ni ó yẹ kí ó kọ ìtàn Nàìjíríà.

Ohun tí a rí nínú kíláàsì

Nígbà tí a wo fíìmù náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, a kò bi wọ́n ní ọjọ́ tàbí ọdún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a bi wọ́n: ta ni ó sọ ìtàn yìí fún yín? Àwọn kan ní Olanna ni. Àwọn mìíràn ní òyìnbó tí ó ń ka ìròyìn ni. Ọ̀kan ní, "Kò sí ẹnì kankan, ó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni." Ìdáhùn ìkẹyìn yìí ni ó kó wa lọ́kàn sókè jù. Ìtàn tí ó kàn ń ṣẹlẹ̀ kò ní ẹni tí a lè bi léèrè, kò sì ní ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Ẹ̀rù tún bà wá fún ìdí mìíràn. Ọmọ Ìgbò wà nínú kíláàsì náà, ọmọ Haúsá wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìran Kánò, gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Ọmọ Haúsá kan sọ pé ó dà bí ẹni pé gbogbo àwọn ènìyàn òun ni apànìyàn. A ṣí ìwé sí ibi tí Mohammed, ọmọ Haúsá tí ó ti fẹ́ Olanna rí, ti gbà á là ní Kánò, tí ó fi mọ́tò gbé e dé ibùdókọ̀ ojú irin. A kà á sókè. Kò pa òtítọ́ ìpànìyàn náà rẹ́, kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọmọ náà lè jókòó kí ó sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ní kí wọ́n ka orí kìíní ìwé àti àwọn ojú-ewé tí ó kẹ́yìn, kí wọ́n sì mú ìbéèrè kan lọ sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì sọ ohun kan náà fún wa láìmọ̀. Ìyá àgbà èkíní wọ ọkọ̀ ojú irin sá kúrò ní Kàdúná ní ọdún 1966. Bàbá àgbà èkejì jà fún ìjọba àpapọ̀. Kò sí èyí tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì. Ìyá àgbà kò fèsì lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó dárúkọ ibùdókọ̀ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá àgbà dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò padà wálé, ó sì wọlé lọ sùn. Ohun tí wọ́n mú padà wá sí kíláàsì kò ju orúkọ ibùdókọ̀ kan àti orúkọ ènìyàn kan lọ. Síbẹ̀, ìtàn ni. Ẹ̀rí tí wọ́n fúnra wọn wá rí ni.

Ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà nílé wọ̀nyí wà ní ìlú pẹ̀lú. Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni ó yẹ kí fíìmù náà jáde ní Nàìjíríà. Àjọ tí ó ń yẹ fíìmù wò dá a dúró nítorí àwọn ìran kan tí wọ́n bẹ̀rù pé ó lè dá ìjà sílẹ̀. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ ni ó tó jáde, fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó 18. Àwọn ará Toronto ti wò ó láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013. Ìjọba tí ó ń ṣọ́ra fún ìjà kò ṣe ohun tí kò yéni. Ṣùgbọ́n egbò tí a kò ṣí wò, a kò lè mọ̀ bóyá ó ti jinná.

Àbá wa fún àwọn olùkọ́

Èkíní, kí a má ṣe fi fíìmù rọ́pò ìwé. Bí kò bá sí àyè láti ka gbogbo ìwé, kí a ka orí kìíní àti ìparí rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ẹni tí ó ń pìtàn.

Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtẹ̀léra ìṣẹ̀lẹ̀ bí ìwé ṣe tò ó, kí wọ́n kọ ti fíìmù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà ṣe sí òye wọn. Kò gba ju pátákó ìkọ̀wé àti ṣọ́ọ̀kì lọ.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ ṣètò ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìran Kánò. Kí ó mọ ojú-ewé tí yóò ṣí, kí ó sì mọ àwọn tí wọ́n jókòó níwájú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti dàgbà ni fíìmù yìí wà fún, kì í ṣe ọmọ girama kékeré.

Ẹ̀kẹrin, kí a gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti béèrè kí ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Ìyá àgbà tí yóò sọ̀rọ̀ ní Ìgbò tàbí Haúsá tàbí Yorùbá lè má rí ọ̀rọ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìpàdé onírúurú èdè bí irú èyí ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju ìpàdé mìíràn lọ.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé fíìmù Bandele kò dára. Ó mú ogun náà wọ ilé àwọn tí wọn kì bá tí ka ìwé láéláé. Ohun tí a ń sọ ni pé ó fún wa ní ìṣẹ̀lẹ̀, kò sì fún wa ní òpìtàn, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti dá òpìtàn padà sáàárín ìtàn. Àwọn tí wọ́n bá ogun náà ti ń di àgbàlagbà kùjọ́kùjọ́; lọ́dọọdún ni wọ́n ń dín kù. Ní ojoojúmọ́ ni ọmọ kan bí Ugwu ń wọ kíláàsì wa láti Opi, láti Kafanchan tàbí láti Òrè. Odenigbo kò mọ̀ pé òpìtàn ni òun ń rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwa náà kò mọ èyí tí yóò kọ ọ́ nínú àwọn tí ó wà níwájú wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ gbogbo wọn bí ẹni pé wọn yóò kọ ọ́.